Àdúgbò Ló Ń Gbà Wọ́n Padà

Oògùn ìrora ni tramadol. Dókítà a máa kọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún tàbí ẹni tí egungun rẹ̀ kán. Èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ní Nàìjíríà kò ju 50 àti 100 mílígíráàmù lọ. Àmọ́ èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ fún àwọn ọlọ́kadà, àwọn lẹ́bìrà àti àwọn tó ń fọ́ òkúta ní Abẹ́òkúta wa níbí, hóró kan ṣoṣo a máa tó 200, 225, kódà 250. Ẹni tó bá ju hóró 225 méjì sẹ́nu ti kọjá gbogbo ohun tí dókítà lè fún aláìsàn láti àárọ̀ dalẹ́. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ọ̀pọ̀ òbí ló ṣì gbà pé oògùn ara ríro lásán ni ọmọ àwọn ń lò.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọ̀dọ̀ àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi kí n tó fẹ̀yìntì, mo sì ti tọ́jú àwọn tí tramadol, codeine àti heroin ti di bárakú fún. Lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí à ń rí ni ẹni tó wọlé, tó joró, tí ara rẹ̀ wá balẹ̀, tó sì dágbére fún wa. Ọjọ́ kejì tó délé kì í ṣojú wa. Ìgbà tí mo fẹ̀yìntì, tí mo wá ń gbé àárín àdúgbò tọ̀sán-tòru, ni mo tó rí i pé ilé gan-an ni ìwòsàn ti ń dúró tàbí ti ń wó. Bí ilé àti òpópó kò bá tíì ṣe tán láti gba ẹni náà, iṣẹ́ ọsibítù kò ní pẹ́ tó fi máa bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ ju bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ìwádìí 2018 tí àjọ UNODC ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè wa, NBS, jọ ṣe fi hàn pé láàárín àwọn tó wà ní ọmọ ọdún 15 sí 64, mílíọ̀nù 14.3 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, láìka ọtí àti tábà mọ́ ọn. Mílíọ̀nù 4.6 ló lo oògùn ìrora bíi tramadol, codeine tàbí morphine láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́ fún wọn. Ìwọ̀ Oòrùn Gúúsù, ilẹ̀ Yorùbá wa níbí, ni ìlò oògùn olóró ti pọ̀ jù: ní Èkó, 33 nínú ọgọ́rùn-ún, ní Ọ̀yọ́, 23.

Mo ka nọ́ńbà wọ̀nyí ní ìpàdé onílé wa. Gbogbo ilé dákẹ́. Bàbá alága ló wá sọ̀rọ̀: "Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Ẹ fi ti Nàìjíríà sílẹ̀ ná, ẹ jẹ́ ká sọ ti òpópó wa."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òpópó wa ni pé gìrì mú ọmọkùnrin ọlọ́kadà kan ní oríta, lójú gbogbo ayé. Àwọn ènìyàn pariwo pé wárápá ni, wọ́n sì sá sẹ́yìn kí itọ́ rẹ̀ má bàa kàn wọ́n. Ẹnì kan fi ṣíbí là á lẹ́nu, ẹlòmíràn bu epo pupa wá. Ọmọ náà kò ní wárápá rí. Tramadol tó bá pọ̀ lára a máa fa gìrì, kódà lára ẹni tí irú rẹ̀ kò sí nínú ẹbí rẹ̀. Ọlọ́run yọ ọ́, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ kan kán, epo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lẹ́mìí.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ àwọn ará àdúgbò, kí a tó sọ ti ọlọ́pàá tàbí ti àdúrà, ni bí a ṣe ń dá ẹ̀mí sí. Bí gìrì bá mú ènìyàn, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ fi aṣọ sí i lábẹ́ orí, ẹ má dì í mú, ẹ má sì fi nǹkan kan sí i lẹ́nu. Bí ó bá ti dáwọ́ dúró, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ lè ṣàn jáde, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Epo, mílíìkì, omi iyọ̀, ọsàn wẹ́wẹ́, kò sí èyí tó ń pa oró tramadol. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ń gbà lọ.

Èkejì burú ju gìrì lọ nítorí pé kì í pariwo. Ẹni náà yóò sùn, wọn yóò pè é, kò ní dáhùn. Mímí rẹ̀ yóò máa jìnnà síra wọn, ọmọlójú rẹ̀ yóò kéré tín-ín-tín, ètè àti èékánná rẹ̀ yóò ṣú. Àwọn kan máa ń han-run lọ́nà tí ará ilé kò gbọ́ rí. Mo bẹ yín, ẹ má sọ pé "ẹ jẹ́ ó sùn, ó ti rẹ̀ ẹ́." Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ wá ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní naloxone, òun ló ń dá mímí padà fún ẹni tí irú oògùn yìí ti mú dákú. Ẹ sọ fún dókítà ní tààrà pé tramadol ni ó lò. Ìtìjú ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ nítorí pé ìyá rẹ̀ sọ pé ibà ni.

Ní ìpàdé yẹn, ohùn kò ṣọ̀kan rárá. Onílé kan ní ká pe ọlọ́pàá kí wọ́n wá kó gbogbo àwọn tó ń jókòó sí oríta. Òmíràn ní kí onílé kọ̀ọ̀kan lé ayálégbé tí wọ́n bá rí káàdì oògùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyálọ́jà dìde. "Ọmọ ta ni ẹ fẹ́ lé? Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹ lé e títí dé òpópó kejì, ẹ̀ ń gbọ́ hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀." Ìmáàmù àdúgbò gbè é lẹ́yìn, ó ní àwọn tí a fẹ́ lé yìí ni wọ́n ń kírun lẹ́yìn òun ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí oníkálùkù mọ̀ kí a tó sọ ohun tí a máa ṣe. Ìbéèrè yẹn ló ṣí gbogbo nǹkan.

Ìyá oníkẹ́míìsì kò sọ nǹkan kan níbẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ló wá bá mi nílé. Ó ní òfin kò tilẹ̀ gba irú ìsọ̀ tòun láyè láti ta tramadol, òun sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan máa ń gun ọ̀kadà gbé káàdì wá bá gbogbo oníkẹ́míìsì, àwọn ọ̀dọ́ a sì máa dúró síwájú ìsọ̀ lálẹ́, wọ́n á ní "pupa", ìyẹn tramadol, ni àwọn fẹ́, kí òun má da àwọn láàmú. Obìnrin kan ṣoṣo, pẹ̀lú ọmọ kékeré lẹ́yìn káńtà. Ta ni yóò sọ pé rárá? Ìgbà tí àwọn oníkẹ́míìsì tó kù ní òpópó wa bá a fi ohùn ṣọ̀kan pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn kò ní tà á, tí àwọn onílé sì fi ẹ̀ṣọ́ òru sí àgbègbè ìsọ̀ wọn, ni "rárá" tó wá ṣeé sọ. Mo ti gbọ́ kí wọ́n máa bú àwọn oníkẹ́míìsì lórí rédíò. N kò fara mọ́ ọn bí wọn kò bá tíì béèrè ẹni tó dúró tì wọ́n.

Mo mọ̀ pé bí a ti ilẹ̀kùn kan, wọn yóò wá òmíràn. Ní oṣù karùn-ún 2018, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe àti kíkó wọlé omi ikọ́ tó ní codeine, lẹ́yìn tí BBC ti tú àṣírí bí wọ́n ṣe ń tà á. Ohun tó yẹ ni wọ́n ṣe. Àmọ́ lára àwọn tí mo ń tọ́jú, hóró ni ọ̀pọ̀ yí sí. Ní oṣù kejì 2025, BBC tún tú àṣírí ilé iṣẹ́ kan ní Íńdíà tó ń po tapentadol, oògùn ìrora líle kan, mọ́ carisoprodol, oògùn tó ń dẹ iṣan, ránṣẹ́ sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ìjọba Íńdíà sì fòfin dè é. Òfin ń ṣe tirẹ̀. Ẹni tí oògùn ti wọ̀ lára kò gbọ́ ti òfin. Ara rẹ̀ ló ń pè é.

Ọ̀rọ̀ alága àwọn ọlọ́kadà ló la ojú gbogbo wa jù. Mo bi í pé, "Alága, kí ni wọ́n ń rí nínú rẹ̀?"

"Màmá, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín. Haya pọ́ọ̀sì ni. Ẹni tó gba ọ̀kadà ní haya, òjò rọ̀ o, oòrùn ràn o, ara rẹ̀ yá o, kò yá o, ìparí ọ̀sẹ̀ ni yóò sanwó. Bí kò bá san, wọ́n á gba máṣíìnì. Nítorí náà, á gùn ún láti ìdájí di òru. Ẹ̀yìn á máa ro ó. Hóró kan, ẹ̀yìn ò ro ó mọ́, oorun ò kùn ún mọ́. Nígbà tó bá yá, kò ní lè dìde láìjẹ́ pé ó lò ó."

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá dárúkọ àwọn tó ni ọ̀kadà. Àwọn kan nínú wọn jókòó sínú ìpàdé náà. Onílé tó kọ́kọ́ ní ká pe ọlọ́pàá wà lára wọn. Inú mi dùn pé ẹnikẹ́ni kò fi ọ̀rọ̀ náà bú u. Bàbá alága kàn bi í léèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni ẹ ṣe lè bá wa ṣe é?" Ó ronú títí, ó sì ní bí ọlọ́kadà òun bá wọ ọsibítù, òun kò ní gba máṣíìnì, òun kò sì ní ka ọ̀sẹ̀ tó fi wà níbẹ̀ mọ́ gbèsè, bó bá sì dé, òun á dín owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ kù títí ara rẹ̀ á fi mókun. Àwọn tó kù tẹ̀lé e. Kò sí ìwàásù mi kankan tó lè ṣe ohun tí àdéhùn yẹn ṣe. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni kì í lọ gba ìtọ́jú nítorí pé bí wọ́n bá fi máa dé, iṣẹ́ á ti bọ́.

Owó ọsibítù ṣì wà nílẹ̀. Ìyálọ́jà àti àwọn obìnrin ọjà ló gbé ìyẹn. Wọ́n ti ń dá èésú tipẹ́; wọ́n wá ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún owó ìwọlé ẹni tó bá fẹ́ gba ìtọ́jú. Kì í tó, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí ẹbí rí ẹsẹ̀ gbé.

Ibi tó gba sùúrù jù ni ọ̀rọ̀ orí òkè àti ilé àdúrà. Bí ẹni tí tramadol ti di bárakú fún bá dáwọ́ dúró lójijì, ara rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. Á máa làágùn, imú á máa dà, á máa yán láìdáwọ́ dúró, ìgbẹ́ gbuuru, egungun ríro, àìróorun sùn. Nítorí bí tramadol ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ, àwọn mìíràn á tún máa bẹ̀rù, wọ́n á máa rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí. Ìgbà yìí gan-an ni ìyá máa ń sọ pé ogun ìdílé ti dé, tí wọ́n á mú un lọ gbààwẹ̀. Ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru kò lè gbààwẹ̀. Omi ló nílò, àti oògùn tí dókítà fi ń rọ ìjoró náà lójú.

Ẹ rántí ohun tí a rí ní 2019. Ní Kàdúná, ọlọ́pàá kó àwọn ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tó ju 300 lọ jáde nínú ilé kan tí wọ́n ní àwọn ti ń tún ìwà ọmọ ṣe, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ àwọn kan nínú wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n tún kó àwọn tó ju 250 jáde nílé kan ní Ìbàdàn. Ẹbí wọn ló mú ọ̀pọ̀ lọ, pé kí wọ́n bá wọn tọ́ ọ sọ́nà. Ẹbí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá ọmọ. Kò mọ ibòmíràn ni.

Pásítọ̀ tó wà ládùúgbò wa kọ́kọ́ kọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Mo sọ fún un pé n kò ní kó má gbàdúrà; mo fẹ́ kó gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni. Mo mú un lọ wo ẹnì kan tó wà nínú ìjoró, ó jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́. Láti ìgbà yẹn, òun àti Ìmáàmù ló kọ́kọ́ máa ń pè mí bí ẹbí kan bá mú ọmọ wá bá wọn. Àwọn ni ẹbí ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu ju èmi lọ, nítorí náà ó yẹ kó jẹ́ pé àwọn ni yóò sọ pé, "Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, a máa wá bá yín níbẹ̀."

Abẹ́òkúta yẹ kó mọ ọ̀nà yìí ju ìlú mìíràn lọ. Ní 1954, Adéoyè Lámbò, dókítà ọpọlọ, ọmọ ìlú yìí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọsibítù àìsàn ọpọlọ tó wà ní Arò, nígbà tí wọn kò tíì kọ́ ọ parí. Ó lọ bá àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká. Aláìsàn àti ẹbí rẹ̀, ó kéré tán ẹnì kan, á gba yàrá lọ́dọ̀ ará abúlé, ẹbí á máa se oúnjẹ fún un, á máa lọ gba ìtọ́jú lójú ọ̀sán, á sì padà wá sun àárín ènìyàn lálẹ́. Ọsibítù yá àwọn ará abúlé lówó láti kọ́ yàrá kún ilé wọn. Lámbò gba àwọn onísègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó bá wọn ṣiṣẹ́. Gbogbo ayé wá wo iṣẹ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ sì di igbákejì olórí àjọ ìlera àgbáyé, WHO. Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìtàn yìí ni pé kò bẹ àwọn ará abúlé pé kí wọ́n kàn ṣàánú. Ó fún wọn ní iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì rí i pé ó ṣe wọ́n láǹfààní.

Ọlọ́kadà tí gìrì mú ní oríta gbà láti lọ. Kí ó tó dé, a ti jókòó pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti alága àwọn ọlọ́kadà. A sọ ohun tí n kò jẹ́ kí ẹbí kankan gbàgbé: ara tó ti kúrò nínú oògùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò lè gba ìwọ̀n tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá padà sídìí ìwọ̀n àtijọ́ lè kú lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Alága yí ibùdó ọmọ náà padà kúrò ní oríta, ó ní iṣẹ́ ọ̀sán nìkan ni ọmọ náà yóò máa ṣe. Ìyá rẹ̀ ní òun kò ní máa tú àpò rẹ̀ wò. Òun á máa bi í léèrè ni. Mo rò pé ìyẹn nira fún un ju gbogbo ohun tó ti ṣe lọ.

Ó tún lò ó. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tó dé ni, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, tí owó kò sí. Àárọ̀ kùtùkùtù ló kàn mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó dọ̀bálẹ̀. "Màmá, mo ti lò ó. N kò tíì sọ fún ẹnì kankan." Mo ní kó dìde. Mo bi í léèrè iye tó lò, ìgbà wo ló lò ó, ṣé nǹkan mìíràn wà nílẹ̀. A jọ lọ sí ọsibítù ní ọjọ́ náà. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan ní ṣé ẹ rí i, owó la fi ṣòfò. Bàbá alága dá a lóhùn pé bí ẹ̀jẹ̀ ríru òun bá ga, ṣé wọn kò ní jẹ́ kí òun padà sọ́dọ̀ dókítà ni? Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn wá sọ fún mi nítorí pé ó mọ̀ pé a kò ní lé e. Bó bá jẹ́ pé ó rò pé wọ́n máa gba máṣíìnì rẹ̀ ni, á fi pamọ́, a ò sì lè sọ ibi tí ìyẹn ìbá ti já sí. Ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ̀rù NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, ń ba àwọn ọ̀dọ́ wa, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àjọ náà ní ẹ̀ka ìmọ̀ràn àti ìtọ́jú, wọ́n sì ní nọ́ńbà tí ènìyàn lè pè lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sàn-án lóru, 0800 1020 3040. A lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, ìsọ̀ àwọn oníkẹ́míìsì àti ibùdó ọlọ́kadà.

Àwọn obìnrin ni ọkàn mi wà lọ́dọ̀ wọn báyìí. Ìwádìí 2018 yẹn ní nínú ẹni mẹ́rin tó ń lo oògùn olóró, obìnrin ni ẹnì kan. Ní ìpàdé wa, ẹ kò ní mọ̀ pé wọ́n wà. Alárù obìnrin tí ìbàdí ń ro, alásè tó ń dúró ti iná láti òru mọ́jú, ìyàwó ilé tó kọ́kọ́ gbà á lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìbímọ. Wọ́n ń bẹ̀rù pé ọkọ á lé wọn, pé wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ wọn. Ìyálọ́jà ní wọn kò ní wá síwájú àwọn onílé láéláé, òótọ́ ló sì sọ. Nítorí náà, ìsọ̀ rẹ̀ ni a ti ń pàdé lẹ́yìn tí ọjà bá ti tú, ọkùnrin kan kò sí níbẹ̀, a kì í kọ orúkọ ẹnì kankan sílẹ̀. Àwọn kan ti ń wá. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè ni ẹni tí yóò mójú tó ọmọ wọn bí wọ́n bá wọ ọsibítù. Èmi, Ìyálọ́jà àti ìyá oníkẹ́míìsì ti ń lọ láti ilé dé ilé láti wá àwọn tí yóò gba ọmọ sọ́dọ̀. A ti rí àwọn tó lè gba ọmọ iléèwé. Èyí tí a ṣì ń wá ni ilé tó lè gba ọmọ ọwọ́.